Tọ Ìtàkùn Dé Ìdí Iṣu: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ́rẹ́ǹtì Àfíàsì Fún Àwọn Ọmọ Okun Tó Ń Múra Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba

Okun o, bí àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kí ara wa. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ kún gbọ̀ngàn yìí fọ́fọ́, okun o. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mi ò ní ohùn tí màá fi bá a jà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ́rẹ́ǹtì àfíàsì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nílùú, bí èèyàn ṣe ń kà á fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ti Àbújá o, ti Lọ́kọ́ja o, àti ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá ìgbéga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lórí fóònù, ohun tí mo sọ níbẹ̀ náà nìyí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì fọ̀ ọ́ mọ́ púpọ̀.

Mo ti ń wo ọwọ́ yín látìgbà tí mo ti wọlé. Púpọ̀ nínú yín ló mú ìwé pẹlẹbẹ yẹn dání, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri gáréèjì, orúkọ mínísítà, orúkọ gómìnà, olú-ìlú orílẹ̀-èdè, ta ló kọ́kọ́ ṣe kiní yìí ní Nàìjíríà, ta ló kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún. Mi ò ní kí ẹ jù ú nù, owó lẹ fi rà á. Àmọ́ ẹ ṣí i kí ẹ wo ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni pé Ọ̀gágun Christopher Musa ni olórí gbogbo àwọn ológun Nàìjíríà, Badaru Abubakar sì ni mínísítà ètò ààbò. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹwàá tó parí, ààrẹ ti pààrọ̀ àwọn olórí ológun, Olufemi Oluyede ti bọ́ sípò Musa. Oṣù kejìlá bẹ̀rẹ̀, Badaru kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní tìtorí ìlera ni, ta ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀? Musa yẹn náà ni. Ìyẹn ni pé láàárín oṣù díẹ̀ ipò méjì ti yí, ẹnì kan náà ló jáde níbi kan tó tún wọlé síbòmíì. Ẹni tó ti há ìwé yẹn sórí máa gbé ìdáhùn tó ti kú dé iwájú kọ̀ǹpútà, á sì fi ìgboyà tẹ̀ ẹ́, torí ó kà á dáadáa ni! Ìyẹn ló ń dùn mí. Ẹni tí ò kàwé rárá lè ṣèèṣì mú un o.

Torí náà ohun tí mo bá wá ò ju ẹyọ kan lọ. Ìròyìn ní ìdí. Tẹ́ ẹ bá rí ewé iṣu lókè lórí igi, ẹ tọ ìtàkùn rẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ ó fi kan ebè, ibẹ̀ ni iṣu wà. Ewé á gbẹ, orúkọ á yí. Ṣùgbọ́n òfin tó dá ipò yẹn sílẹ̀, ẹni tó láṣẹ láti yan èèyàn síbẹ̀, ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, iye ọdún tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ìwọ̀nyẹn kì í yí bọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣe ìbéèrè sì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an torí pé wọn ò nílò láti máa tún ìbéèrè kọ lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó ṣojú gbogbo wa ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 yẹn náà, nígbà tí wọ́n dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan pé òun ni alága tuntun fún INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ṣé ẹ rántí bí ilẹ̀ Okun ṣe gbóná? Ọmọ Ayétòrò Gbẹdẹ, ní Ìjùmú níbí. Fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́jọ́ yẹn, gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà ló ń fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́, ọmọ wa ni o, ọmọ wa ni o. Ó dáa, ayọ̀ ni, èmi náà fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá mo bá àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tó ń múra ìdánwò jókòó, mo ní ta ló wà níbẹ̀ kí Amupitan tó dé, wọ́n ní Mahmood Yakubu, wọ́n gbà á. Mo ní ta ló di ibẹ̀ mú láàárín àwọn méjèèjì? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní ìgbìmọ̀ wo ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Amupitan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀? Ẹnì kan ní àwọn mínísítà. Rárá o.

Bó ṣe lọ rèé. Yakubu lo nǹkan bí ọdún 10, 2015 sí 2025, sáà méjì ọlọ́dún márùn-ún. Bó ṣe kúrò, May Agbamuche-Mbu tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà níbẹ̀ di alága fìdí-hẹ-ẹ́. Ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, Tinubu gbé orúkọ Amupitan lọ síwájú Council of State, ìgbìmọ̀ tó ń gba ààrẹ nímọ̀ràn, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 16, ilé aṣòfin àgbà yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n gbà á wọlé. Ọjọ́ 23, wọ́n búra fún un. Kí ló wá dé tí ààrẹ ò kàn fi fún un lẹ́tà pé kó máa lọ jókòó? Abala 154 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni. Ó ní ààrẹ ló ń yàn, ilé aṣòfin àgbà ló ń fọwọ́ sí i, àmọ́ tó bá ti kan INEC, ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ Council of State. Àwọn wo ló ń jókòó níbẹ̀? Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, gbogbo àwọn tó ti jẹ olórí ìjọba Nàìjíríà rí, àwọn tó ti jẹ olórí adájọ́ àgbà rí tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, olórí ilé aṣòfin àgbà, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, gbogbo gómìnà, àti agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ wá wò ó, ìròyìn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi jó, ìbéèrè mélòó ló ti bí? Mi ò tíì parí. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ alága INEC ńkọ́? Abala 157, ààrẹ ò lè dá a yọ, àfi kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i. Sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, ẹ ṣírò ó, ó kéré tán 73. Ìṣirò wà nínú kọ́rẹ́ǹtì àfíàsì o, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ ka àwọn alága INEC sẹ́yìn látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1998: Akpata, tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 2000, Guobadia tẹ̀ lé e, Iwu ní 2005, Jega ní 2010, Yakubu ní 2015, kí ó tó wá kan ọmọ wa. Nígbà tí ààrẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú Council of State, ó sọ ọ́ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ìpínlẹ̀ Kogí tí wọ́n máa yàn sípò náà, kí ẹ má bàa rò pé ìgbéraga Okun ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Amupitan kọ́ wọn lófin ní yunifásítì Jos, SAN sì ni, ìyẹn oyè àwọn àgbà lọ́yà.

Abala 153 gan-an ni kí ẹ lọ bá. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ 14 ni wọ́n kọ síbẹ̀, INEC wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iye èèyàn wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí pípín owó tó ń wọlé fún ìjọba wà níbẹ̀, Federal Character Commission tó ń rí sí i pé iṣẹ́ ìjọba kárí gbogbo ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, Federal Civil Service Commission tó ń ṣe ìdánwò fún yín alára wà níbẹ̀! Ẹ fojú inú wò ó, èèyàn lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kan, kò mọ ohun tó dá wọn sílẹ̀. Alága kan pẹ̀lú ọmọ ìgbìmọ̀ tí ò gbọdọ̀ ju 15 lọ ló wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tunji Olaopa ni wọ́n fi ṣe alága ní òpin ọdún 2023. Ààrẹ ló ń yan òun náà, sẹ́nétọ̀ á fọwọ́ sí i, àmọ́ ti tiẹ̀ ò kan Council of State. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe lè fi ìyẹn dẹ páńpẹ́ fún èèyàn. Ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n máa béèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ yín lórí fọ́ọ̀mù, abala 14 ìlà kẹta ni, òfin pé kí gbogbo ẹ̀yà rí ara wọn nínú iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba owó oṣù, ó kù sọ́wọ́ yín. Gbogbo yín lẹ mọ ₦70,000, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni Tinubu fọwọ́ sí i. Ẹ tọ ìtàkùn yẹn wálẹ̀. Kí ó tó di 70 ó jẹ́ ₦30,000 látọdún 2019, nígbà Buhari. Kí ìyẹn tó dé, ₦18,000 láti 2011, nígbà Jonathan. Kí ìyẹn tó dé, nígbà Obasanjo ní 2000, ₦5,500, àwọn ìjọba àpapọ̀ ń san ₦7,500. Ẹ tún máa lọ sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé 1981 nígbà Shagari, òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦125 lóṣù. Bàbá kan ń mi orí níwájú mi níbí, ó mọ ohun tí ₦125 rà nígbà yẹn, àwọn ọmọdé ò ní gbà á gbọ́. Nísinsìnyí ẹ wá béèrè, kí ló tún yí nínú òfin 2024 yẹn yàtọ̀ sí iye owó? Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un wò tẹ́lẹ̀, ó ti di ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn ni pé 2027 ni ká máa retí rẹ̀, tí wọ́n bá tẹ̀ lé e. Ta ló láṣẹ láti ṣòfin lórí ẹ̀? Ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan, ó wà lórí ìwé ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 34. Ìpínlẹ̀ ò lè san ohun tó kéré sí i, àmọ́ ó lè san jù ú lọ, Kogí fúnra rẹ̀ kéde ₦72,500 ní 2024 yẹn náà. Ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò ní Lọ́kọ́ja tí ò mọ ìyẹn, tó wá mọ orúkọ olú-ìlú Burkina Faso, mi ò mọ ohun tá a máa pè é.

Lórí ti ilé wa níbí mi ò ní pẹ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Babangida dá Kogí sílẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ló dá lọ́jọ́ kan náà, Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 21, méje ló wà ní Kogí West, ẹ má gbàgbé pé Lọ́kọ́ja àti Kotonkarfe wà nínú méje yẹn, kì í ṣe Okun nìkan. Apá kan wá láti Kwara, apá kan láti Benue, ìyẹn lẹ mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìjọba tuntun yẹn kàn tún àwọn ará ilé àtijọ́ kó jọ ni, torí Ígálà, Ẹ̀bìrà àti àwa jọ wà ní Kabba Province nígbà àwọn òyìnbó, a tún jọ wà ní Kwara ní 1967, 1976 ni wọ́n gbé Ígálà lọ sí Benue. Lọ́kọ́ja ńkọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Lugard ta àsíá níbẹ̀ pé ó ti di Àríwá Nàìjíríà lábẹ́ ọba òyìnbó. Ó tó.

Mo fẹ́ yà síbì kan kí n tó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa kà á. Orúkọ mẹ́ta kan wà tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ èèyàn lójú: Head of Service tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé àgbà ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní SGF, àti alága Civil Service Commission. SGF, olóṣèlú lè jẹ ẹ́, ààrẹ ló mọ ẹni tó fẹ́. Head of Service ò rí bẹ́ẹ̀, abala 171 ní àárín àwọn pẹ́mánẹ́ǹtì sẹ́kírítárì tàbí ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú un. Ẹ wo Dókítà Folasade Yemi-Esan, ọmọ Ìjùmú níbí náà, dókítà eyín tó kàwé ní Ìbàdàn. Ó wọṣẹ́ ìjọba, ó di pẹ́mánẹ́ǹtì sẹ́kírítárì, ó di Head of Service fún gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ 2024 ó kúrò, Didi Walson-Jack gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tó kúrò? Kò sẹ́ni tó lé e. Ó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ni! Òfin iṣẹ́ ìjọba ní tó o bá pé 60 tàbí tó o lo 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kó ẹrù rẹ. Àwọn olùkọ́, wọ́n ti sún ti wọn sí 65 àti 40, láti 2022. Ṣé ẹ rí i, ẹyọ ìròyìn kan nípa ọmọ Ìjùmú, ó ti gbé yín dé inú ìwé Public Service Rules láìjẹ́ pé ẹ há nǹkan kan sórí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pọ̀ ojú-ewé kan, ẹ má lò ó fún nǹkan míì. Ìròyìn kan ṣoṣo lójúmọ́ ti tó, àwọn kan fẹ́ kó ogún lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ti sú. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ẹ kọ ta ló láṣẹ láti ṣe é, òfin wo, ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló kàn. Tí ìdáhùn kan ò bá sí, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ ó rí i lọ́jọ́ míì. Mo mọ̀ pé iná wa ò dára, mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àwọn abúlé kan ní Bùnú àti apá kan Yàgbà, èèyàn gbọ́dọ̀ gun orí òkè kó tó rí i. Rédíò oníbátìrì ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìròyìn aago méje àárọ̀ lórí Rédíò Nàìjíríà, tí ẹ bá rí iná lálẹ́, NTA ní aago mẹ́sàn-án. Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba nìkan ni wọ́n ń yìn níbẹ̀. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba yẹn náà ló ń ṣe ìdánwò, orúkọ tí wọ́n pe nǹkan wọn níbẹ̀ ni wọ́n máa fi bi yín.

WhatsApp, ẹ fi ṣọ́ra, mi ò ní kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí òfin owó-orí tuntun yẹn, òfin mẹ́rin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, tí èyí tó sọ iye owó-orí nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ariwo tó wà lórí fóònù nígbà yẹn, wọ́n ní gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì ẹ ni wọ́n máa gé lára rẹ̀, wọ́n ní ìyá tó ń ta gààrí máa san tirẹ̀. Ẹni tó lọ wo òfin náà á rí i pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò ju ₦800,000 lọ kò san owó-orí lórí rẹ̀ rárá, VAT, owó-orí tó wà lórí ọjà, sì dúró sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe wà. Èyí tí ìdánwò máa béèrè gan-an ò tiẹ̀ pariwo: FIRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, ti kú, Nigeria Revenue Service ló gbapò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, mo ń dúró.

Wọ́n wá gbà kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Mọpa ní ọdún mélòó ló yẹ kí òun kà sẹ́yìn. Mo ní ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, ọdún kan àbọ̀ sí méjì ti tó, àmọ́ tí ìròyìn ọdún yìí bá ní gbòǹgbò ní 1978, ẹ bá a dé 1978. Bí orin orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2024 wọ́n dá orin àtijọ́ padà, èyí tí a ń kọ láti 1960 títí dé 1978 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin òyìnbó méjì ló ṣe é, Lillian Jean Williams kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Frances Benda ṣe ohùn rẹ̀. Mo ní kí gbọ̀ngàn kọ ọ́, àwọn bàbá kọ ọ́ já láìwo ibì kankan, àwọn ọ̀dọ́ ń wo fóònù. Ẹ ò rí nǹkan!

Ìyá kan tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ní òun ti ju 50 lọ, orí òun ò gba nǹkan mọ́, ìgbéga lòun ń wá. Mo ní màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ rọrùn jù, torí iṣẹ́ yín ni ìròyìn náà. Ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má di í mú mọ́, àti pé ìgbìmọ̀ tí wọn ò dìbò yàn ò gbọdọ̀ ṣàkóso ibẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì yín bóyá owó ń wọlé bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mi ò ní kọ ohun tó fi dáhùn síbí.

Èyí tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan láti Ìyàrà, ó ní tí wọ́n bá bi òun níbi íńtáfíù pé ṣé ó dáa bí wọ́n ṣe yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kí lòun máa sọ, torí ebi ń pa wọ́n nílé lóòótọ́. Ìbéèrè tó dáa jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ ṣe òṣèlú, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má ronú. Kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Tinubu, ló sọ ọ́ pé ìrànwọ́ ti lọ. Sọ ohun tí ìjọba rí tó fi ṣe é, owó tó ń wọ inú rẹ̀ àti àwọn tó ń gbé epo náà sọdá bọ́dà. Sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde, owó mọ́tò, owó oúnjẹ, àti pé owó oṣù ₦70,000 náà wà lára ohun tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà sọ ohun tí ìwọ máa ṣe tí wọ́n bá gbé ọ sí tábìlì náà, bí àpẹẹrẹ ọkọ̀ tó ń lo gáàsì CNG, ibo ló yẹ kó dé tí kò tíì dé. Ó ní kò tíì dé Ìyàrà. Mo ní sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.